Labalábá tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni àbí òmíràn? Ìyẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ funfun báláú

Dúdúyẹmí
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ẹ mọ labalábá aláwọ̀ ọsàn yẹn, èyí tí ṣónṣó ìyẹ́ iwájú ẹ̀ dúdú tí funfun wá gba inú dúdú yẹn kọjá, tó máa ń fò jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ò níbi tó ń lọ. Àtikékeré ni mo ti ń rí i. Èyí tó bà sórí òdòdó lánàá, iwájú ẹ̀ ò yàtọ̀, ọsàn àti dúdú náà ni, àmọ́ ìyẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ funfun báláú, àfi etí ẹ̀ tó dúdú díẹ̀. Fọ́tò mẹ́ta ni mo rí yà. Ó pa ìyẹ́ dé nínú ti àkọ́kọ́, ó là á díẹ̀ nínú ìkejì, ìkẹta ló ti là á gbalaja ṣùgbọ́n ọwọ́ mi gbọ̀n. Ṣé àìsàn ló ń ṣe é ni àbí oòrùn ló bó o, àbí irú tuntun ni mo rí? Mo ti ń yọ̀ díẹ̀ o, kí n má purọ́.

Jagunlabi_01
Fílítà ni jàre. Fóònù ìsinsìnyí, tó o bá ya ewúrẹ́ á sọ ọ́ di àgbọ̀nrín. Pa fílítà yẹn kó o tún un yà.

OníKámẹ́rà
Jagun, rọra. Mo ṣí fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà kí n tó sọ̀rọ̀. Lóòótọ́ fóònù máa ń parọ́ àwọ̀, lábẹ́ ibòòji gbogbo nǹkan á fà sí búlúù, tó bá di ìrọ̀lẹ́ gbogbo ẹ̀ á pọ́n, ṣùgbọ́n irọ́ fóònù kì í mọ sójú kan. Tó bá fẹ́ pa àwọ̀ dà, á pa ti ewé dà, á pa ti òdòdó dà, á pa ti ìka ọwọ́ ẹni tó mú ewé náà dà. Ewé tó wà níbẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, dúdú ìyẹ́ iwájú ṣì dúdú kirikiri. Ohun tí mo kọ́kọ́ fura sí ni pé oòrùn ti jẹ fọ́tò náà, torí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ jù kámẹ́rà á kàn sọ ọ́ di funfun ni. Àmọ́ ẹ súùmù sí fọ́tò kejì, ẹ máa rí iṣan ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ nínú funfun yẹn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá jẹ, iṣan ò lè hàn níbẹ̀ mọ́. Funfun yẹn wà lára ẹ̀ lóòótọ́.

ÌyáÌbejì
Hàáà, èmi náà ti rí irú ẹ̀! Mo tiẹ̀ ní fọ́tò ẹ̀ nínú fóònù mi. Èmi rò pé arúgbó ni, torí lẹ́búlẹ́bú tó wà lára wọn yẹn, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, mo ní bó ṣe ń dàgbà ló ń gbọ̀n dànù, ló fi ṣì.

Alágẹmọ
Ẹ kú ìjókòó o. Ìyá Ìbejì, ẹ ò jìnnà sí òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti eléyìí. Àwọ̀ labalábá ò dà bí ọ̀dà tí wọ́n fi kun ògiri. Ìpẹ́ wẹ́wẹ́ ló tò lé ara wọn bí páánù òrùlé, ìpẹ́ kan àwọ̀ kan, òun ni lẹ́búlẹ́bú tẹ́ ẹ ń rí lọ́wọ́ yẹn. Tí ìpẹ́ bá gbọ̀n dànù, ohun tó máa ṣẹ́kù ni awọ ìyẹ́ fúnra ẹ̀, awọ yẹn ò sì funfun, ṣe ló máa ń rí bíi nọ́ọ́lọ̀ọ̀nù tí èèyàn lè rí òdìkejì. Èyí tó bá ti gbó náà, ìyẹ́ ẹ̀ á ti ya. Àwọn àgbà ṣáà ní labalábá tó bá dìgbò lẹ́gùn-ún, aṣọ ẹ̀ á fàya. Ẹ wo etí ìyẹ́ ti Dúdúyẹmí, ó pé pérépéré, ìbarà funfun wínníwínní tó yí i ká ò já níbì kan. Kò tíì ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó jáde.

Ẹ tún wo ibi tí funfun yẹn ti pàdé dúdú. Ààlà ibẹ̀ mọ́, kò ṣì wúyẹwùyẹ bí ohun tó ń parẹ́. Báyìí ló ṣe yẹ kó rí.

Torí náà ẹni méjì ni mo fura sí. Àkọ́kọ́ ni Danaus chrysippus, labalábá aláwọ̀ ọsàn tí gbogbo wa mọ̀ yẹn. Ó ní irú tó jẹ́ pé ìyẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ funfun, alcippus ni wọ́n ń pe irú yẹn, ó sì pọ̀ dáadáa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe tuntun. Ẹnì kejì ni abo Hypolimnas misippus, èyí kì í tiẹ̀ ṣe ará ilé ẹni àkọ́kọ́, ó kàn wọ aṣọ ẹ̀ ni.

Dúdúyẹmí, gbàgbé àwọ̀ ná. Bá mi ka àmì dúdú róbótó tó wà láàárín ìyẹ́ ẹ̀yìn, kì í ṣe ti etí o, ti àárín. Mélòó lo rí?

Dúdúyẹmí
Ẹ̀gbọ́n, mo ti wò ó títí ojú fi ń dùn mí. Ẹyọ kan ni mo rí, lókè pátápátá, ibi tí ìyẹ́ iwájú ti fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Alágẹmọ
Ṣó dá ẹ lójú? Wo fọ́tò kẹta náà, bó tiẹ̀ ṣe ń gbọ̀n yẹn.

Dúdúyẹmí
Ó dá mi lójú. Ẹyọ kan ṣoṣo, ní apá ọ̀tún àti apá òsì.

Alágẹmọ
Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Abo Hypolimnas misippus ni. Danaus tó bá jẹ́ abo, mẹ́ta lẹ máa kà níbẹ̀, tó bá jẹ́ akọ á di mẹ́rin, torí akọ ní àpò òórùn kan tó dúdú bí àmì, òun ló fi ń fa abo mọ́ra. Hypolimnas ò ní ju ẹyọ kan yẹn lọ, lókè. Tí àwọ̀ bá ń dà yín láàmú, iye àmì ni kẹ́ ẹ máa sá tọ̀ lọ.

Jagunlabi_01
Mo gbà pé kì í ṣe fílítà. Ẹ má bínú. Àmọ́ ẹ dúró ná, labalábá kan ń wọ aṣọ labalábá mìíràn? Ta ló rán an sí aránṣọ?

Ọmọ_Ìwé
😂😂 Ẹ jẹ́ kí n ran ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ níbí. Kòkòrò Danaus, ìyẹn kó tó di labalábá, ewé bomubómu àtàwọn ìbátan ẹ̀ ló máa ń jẹ, àwọn ewé olóje funfun yẹn, májèlé wà nínú oje wọn, májèlé yẹn á sì bá a dàgbà. Ẹyẹ tó bá gbé e mì á bì í, kò ní fẹ́ rí ohun tó jọ ọ́ mọ́ láé. Hypolimnas ò ní májèlé kankan ní tiẹ̀, ewé bíi pápàsán ni kòkòrò ẹ̀ ń jẹ, kò sóhun tó burú lẹ́nu ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ẹyẹ ò mọ̀yẹn, aṣọ ló ń wò. Kò sẹ́ni tó rán an sí aránṣọ, àwọn tí ò jọ Danaus ni ẹyẹ ń jẹ, àwọn tó jọ ọ́ ló ń kù láti bímọ, ìran lẹ́yìn ìran, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ náà ṣe ń jọra sí i.

Ibi tó wá dùn sí ni pé ó ń tẹ̀lé Danaus láwọ̀ láwọ̀. Danaus ní irú tí ìyẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ ọsàn, Hypolimnas ní tiẹ̀. Danaus ní irú tí ò ní dúdú kankan ní ṣónṣó ìyẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní dorippus tó pọ̀ ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà, Hypolimnas ní tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní inaria. Danaus ní onífunfun lẹ́yìn, Hypolimnas náà ní, alcippoides lorúkọ tiẹ̀, òun ló jọ pé Dúdúyẹmí rí.

ÌyáÌbejì
Wọ́n ṣáà ní labalábá fara wé ẹyẹ kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Èyí tó fara wé labalábá ẹgbẹ́ ẹ̀ ńkọ́ 😄 Akọ ẹ̀ ńkọ́, ṣé ó máa ń wọ aṣọ náà?

Alágẹmọ
Rárá o, akọ ẹ̀ ò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Dúdú ni, ó ní àmì funfun ńlá mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, méjì níwájú ọ̀kan lẹ́yìn, àwọ̀ elésè àlùkò á máa kọ mànà ní etí àmì yẹn tẹ́ ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, tẹ́ ẹ bá tún yí orí padà á ti lọ. Ẹni tí ò bá mọ̀, tó bá rí akọ àti abo, á búra pé wọn ò bára tan.

ÌyáÌbejì
Ó dáa, mo ti wá ka ti èmi náà. Mo ní kí n má tètè sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Àmì mẹ́ta ni, ó hàn kedere, ìyẹ́ ẹ̀yìn funfun náà ni. Kò sí kẹrin.

Alágẹmọ
Ẹ ṣeun Màmá. Danaus abo ni tiyín, alcippus gan-an gan-an. Ẹ wá rí i, fọ́tò méjì tó jọra bí ìbejì, ọ̀kan ni onímájèlé, ọ̀kan ni alárèékérekè. Ká ní àwọ̀ nìkan la fi dá wọn mọ̀, à bá ti kó wọn sínú àpò kan náà.

Ọmọ_Ìwé
Kí n fi kékeré kan kún un nípa Danaus yìí torí ó máa ń yà mí lẹ́nu. Ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà níbi tí irú dorippus ti ń pàdé irú chrysippus, èyí tó ní ṣónṣó dúdú, bakitéríà kan wà tó ń jẹ́ Spiroplasma tó ń gbé inú àwọn abo kan. Abo tó bá ní i, àwọn ọmọ ẹ̀ ọkùnrin á kú ní kékeré, obìnrin nìkan ló máa ṣẹ́kù. Apá tí jíìnì àwọ̀ (ohun inú ara tí òbí fi ń lé ọmọ lọ́wọ́) wà lára ẹ̀ sì ti so mọ́ kírómósómù, ìyẹn okùn tó ń gbé jíìnì, tó ń jẹ́ kí wọ́n jẹ́ abo, torí náà ìyá ń fi àwọ̀ àti bakitéríà lé ọmọ ẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

OníKámẹ́rà
Ẹ̀gbọ́n, ó dà bíi pé ọwọ́ yín dilẹ̀ lónìí, ẹ bá mi wo tèmi náà. Labalábá Vanessa cardui ni, ìyẹn ó dá mi lójú, mo ti ya ó lé ní ọgọ́rùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbi gbogbo láyé. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan yìí, ẹ wò ó. Àwọn àmì dúdú tó yẹ kó pín ìyẹ́ iwájú sí wẹ́wẹ́ ti yọ́ mọ́ra wọn, funfun ṣónṣó ìyẹ́ ti gùn bí ìgbà tí èèyàn fi ìka fa ọ̀dà tútù, ìlà àmì wẹ́wẹ́ tó rí bí ojú tó yẹ kó wà ní ìyẹ́ ẹ̀yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá tán, funfun kékeré ló kù níbẹ̀. Mo kà á bí ẹ ṣe wí, àmì ò tiẹ̀ ṣeé kà.

Alágẹmọ
Ah! Ṣé o mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ báyìí? Ó tó ogún ọdún tí mo ti ń wo labalábá, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo rí irú ẹ̀ láàyè. Elymi ni wọ́n máa ń pe irú èyí lára Vanessa cardui.

Èyí yàtọ̀ sí ti Dúdúyẹmí o, ẹ má dà á pọ̀. Ti Dúdúyẹmí jẹ́ àbímọ́, ìyá lè fi lé ọmọ lọ́wọ́, ẹ ó sì máa rí i lọ́dọọdún. Ti OníKámẹ́rà jẹ́ jàǹbá, nǹkan ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tó wà nínú pupa, mi ò sọ ti àwọ̀ o, ìgbà tí kòkòrò ti ṣíwọ́ oúnjẹ tó so rọ̀ sára igi tó ń di labalábá ni mo ń sọ. Ìwọ̀nba wákàtí àti ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tó bá di pupa ni ara ẹ̀ ń pinnu ibi tí dúdú máa wà àti ibi tí funfun máa wà. Tí òtútù líle tàbí ooru líle bá kọlù ú lásìkò yẹn gan-an, ìpinnu á dàrú, àwọ̀ á ya gba ibi tí ò yẹ. Àwọn onímọ̀ méjì, Standfuss ní Zürich àti Merrifield ní Ìlú Ọba, ṣe irú ẹ̀ léraléra ní àwọn ọdún 1890, wọ́n á gbé pupa sínú òtútù, wọ́n á wá máa wo ohun tó máa jáde.

Jagunlabi_01
Fíríìjì wà nílé o 👀

Alágẹmọ
Mo mọ̀ pé o máa sọ ọ́. Gbọ́, púpọ̀ nínú wọn ló máa kú, àwọn mìíràn á jáde pẹ̀lú ìyẹ́ tó ká jọ tí ò ní lè fò láéláé. Èyí tó bá jáde dáadáa gan-an, lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, àwọ̀ ẹ̀ ò ní kan ọmọ ẹ̀. Jẹ́ kí fíríìjì máa tọ́jú omi.

Dúdúyẹmí
Ìbéèrè o. Ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́? Mo ti rí labalábá kan tó jẹ́ pé nígbà òjò àmì bí ojú tó wà lábẹ́ ìyẹ́ ẹ̀ tóbi rọ̀gọ̀dọ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò sí mọ́. Mo rò pé ó ti kúrò níbẹ̀, òmíràn ló dé.

Ọmọ_Ìwé
Èyí wà dáadáa, ó pọ̀ lára àwọn labalábá tí wọ́n ń pè ní Bicyclus àti Melanitis. Nígbà òjò ewé pọ̀, labalábá ń rìn kiri, ojú ńlá yẹn ni ẹyẹ á ṣá lẹ́nu dípò orí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó ń jókòó sáàárín ewé gbígbẹ, ojú ńlá á kàn tú u fó ni, torí náà abẹ́ ìyẹ́ ẹ̀ á rí bí ewé gbígbẹ. Lára Bicyclus, bí ibi tí kòkòrò ẹ̀ ti dàgbà bá ṣe tutù tàbí gbóná sí ló ń sọ èwo ló máa jáde. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Alágẹmọ
Èyí tó le jù lọ tí mo mọ̀ ni Precis octavia ti gúúsù Áfíríkà. Ti ìgbà òjò pupa bí ọsàn tó pọ́n, ti ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́ búlúù, ìwà wọn tiẹ̀ yàtọ̀ síra. Orúkọ ọ̀tọ̀tọ̀ làwọn onímọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí Guy Marshall sìn wọ́n tó sì kọ ọ́ jáde ní 1898 pé ẹyin kan náà ló bí méjèèjì. Linnaeus fúnra ẹ̀, onímọ̀ tó dá ètò orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀, ṣe irú àṣìṣe yìí, ní 1758 ó sọ labalábá Yúróòpù kan ní orúkọ méjì, levana fún èyí tó ń jáde nígbà ìrúwé tó pọ́n, prorsa fún èyí tó ń jáde lẹ́yìn náà tó dúdú. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Weismann ló wá kó pupa tó yẹ kó di prorsa sínú òtútù, levana ló jáde sí i lọ́wọ́. Torí náà Dúdúyẹmí, tó o bá ṣe àṣìṣe, àwọn àgbà ló ń bá ẹ ṣe é.

Ẹ máa kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ya fọ́tò sí abẹ́ ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Fọ́tò tí ò ní ọjọ́, mi ò lè dá ti ìgbà mọ̀ yàtọ̀ sí ti jàǹbá.

ÌyáÌbejì
Kí n béèrè ti ìkẹyìn kí n lọ sùn. Labalábá funfun tó ń kọjá lọ rẹrẹ ní agbo yẹn, ẹyọ kan nínú wọn á kàn jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Jàǹbá lèyí náà?

Alágẹmọ
Tó bá jẹ́ Catopsilia florella, kì í ṣe jàǹbá. Akọ funfun bí ẹni pé wọ́n bu àwọ̀ ewé díẹ̀ sí i, abo lè funfun, ó lè jẹ́ ìyeyè, bí wọ́n ṣe bí i ni. Àwọn labalábá Colias ti ibòmíràn náà ní irú ẹ̀, akọ á jẹ́ ìyeyè tàbí ọsàn, àwọn abo kan á funfun. Àǹfààní wà níbẹ̀ fún abo funfun yẹn o, ohun tí kò ná sórí àwọ̀ ló ń ná sórí ẹyin. Ní 2019 wọ́n rí jíìnì tó wà nídìí ẹ̀, BarH1.

OníKámẹ́rà
Àwọn tó jẹ́ búlúù tí wọ́n á tún di àwọ̀ ewé ńkọ́? Mo ní Morpho kan, labalábá búlúù, nínú gíláàsì, òkú ni o, wọ́n fún mi ni. Mo fẹ́ fi spírítì nu ìdọ̀tí kan lára ẹ̀, bó ṣe kàn án ló yí padà di àwọ̀ ewé lójú mi. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́, àyà mi já.

Alágẹmọ
Ó ti padà di búlúù àbí?

OníKámẹ́rà
Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Alágẹmọ
Kò sí aró búlúù kankan nínú ìpẹ́ ẹ̀ ni. Bí ìpẹ́ yẹn ṣe rí, ó ní ìlà wẹ́wẹ́ tí ojú lásán ò lè rí, ìmọ́lẹ̀ tó bá gbà á ló ń dá búlúù padà. Atẹ́gùn ló wà láàárín àwọn ìlà yẹn, tí spírítì bá rọ́pò atẹ́gùn, àwọ̀ tó ń dá padà á yí, tó bá gbẹ á padà sípò. Nítorí èyí, tẹ́ ẹ bá rí fọ́tò labalábá búlúù tí àwọ̀ ẹ̀ yàtọ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè apá ibi tí ẹni náà dúró sí. Akọ Hypolimnas yẹn náà, ọ̀pọ̀ ló ń ya fọ́tò ẹ̀ tí wọn ò rí elésè àlùkò rárá, wọ́n á ní irú tuntun ni.

Jagunlabi_01
Kí ló wá ṣọ̀wọ́n jù nínú gbogbo ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n mọ ohun tí mo ń wá.

Ọmọ_Ìwé
Èyí tó jẹ́ akọ lápá kan tó jẹ́ abo lápá kejì, ààlà wọn á là á gba àárín bí ẹni fi rúlà fà á. Tó bá jẹ́ Hypolimnas misippus ló ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹ́ ọ̀tún á dúdú pẹ̀lú àmì funfun mẹ́ta, ìyẹ́ òsì á jẹ́ ọsàn. Tó o bá rí ìyẹn, má wulẹ̀ kà á, sáà ti yà á.

Dúdúyẹmí
Ẹ káàárọ̀ o. Mo ní láti padà wá. Ó tún dé láàárọ̀ yìí, onífunfun yẹn, àmì ẹyọ kan, mo kọ́kọ́ kà á. Kò lọ sórí òdòdó, ilẹ̀ ló ń bà sí, ó ń káàkiri inú pápàsán, á tẹ ìdí ẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ á tún gbéra. Nígbà tó lọ mo yí ewé náà wò, ẹyin kan wà lábẹ́ ẹ̀, róbótó, kò tó orí abẹ́rẹ́, ó ní ìlà-ìlà bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo ti fi igi há a mọ́ kí ẹnikẹ́ni má tu ú.

Alágẹmọ
Aáà, o ṣeun ọmọ mi. Danaus ò ní yé ẹyin sórí pápàsán láéláé. Kòkòrò tó máa jáde níbẹ̀ dúdú, ẹ̀gún wà lára ẹ̀ káàkiri, kì í ta o. Tó bá jẹ́ èyí tó ní àbàwọ́n funfun, dúdú àti ìyeyè tó tún ní ìwo rírọ̀ mẹ́fà lo rí, a jẹ́ pé èmi ni mo ṣìnà, kó o wá bú mi níbí.

Dúdúyẹmí
Ẹ máa retí mi.

Jagunlabi_01
Ya fọ́tò ẹyin yẹn wá. Láìsí fílítà 😏